Owó-orí nínú Morountodun

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ tún Morountodun tí Fẹ́mi Òṣófisan tẹ̀ jáde ní 1982 kà. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà 1968 sí 1969 ló dá lé. Títúbí, ọmọ olówó, wọ àárín àwọn àgbẹ̀ kó lè mú Marshal, olórí wọn. Ó bá wọn gbé, ó rí ìyà wọn, ó sì di tiwọn.

Ibẹ̀ dùn o! Àmọ́ ibẹ̀ náà ni mo ti bá eré yìí jà: ọkàn Títúbí gbilẹ̀ ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Owó-orí wúwo, ọ̀nà oko ò sì dáa. Ohun tó bí ìjà gan-an nìyẹn. Wọ́n dín owó-orí kù sí £2 ní 1969, ṣùgbọ́n "owó tá a san dà?" ò tíì kúrò nílẹ̀.

Jobele ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Afijio. Ní oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ẹ̀yin ará Jobele, Fìdítì àti Ìlọrà, ìṣirò owó yẹn ni kẹ́ ẹ máa bèèrè. Ṣé ó dìgbà tí Marshal bá dé ni?