Ọkọ̀ Tó Padà Wálé Láìsí Alààyè

Nínú géèmù Return of the Obra Dinn, tí Lucas Pope gbé jáde ní 2018, kò sí ọ̀tá tí ẹ ó bá jà. Òṣìṣẹ́ adójútòfò lẹ jẹ́. Ọkọ̀ ojú omi kan tó ti sọnù déédéé yọ sí Falmouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1807, láìsí ẹ̀dá alààyè kan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ máa wádìí ohun tó dé bá èèyàn 60 tó bá a lọ.

Ìwé kan àti aago kan ni irinṣẹ́ yín. Bí ẹ bá ṣí aago náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ẹ ó gbọ́ ohùn tó ṣáájú ikú rẹ̀, ẹ ó sì rí ìṣẹ́jú ikú náà gan-an, tó dúró gbagidi. Ṣùgbọ́n orúkọ ńkọ́? Èdè tí ẹnìkan ń sọ, aṣọ ọrùn rẹ̀, nọ́ńbà ara ibùsùn rẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti fà á yọ.

Ọgbọ́n tó wù mí jù ni pé ìwé náà kì í jẹ́rìí sí ìdáhùn yín àfi tí ti èèyàn 3 bá tọ̀nà pọ̀. Méfò-méfò kò lè rìn jìnnà níbẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kan ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló dùn dé góńgó, torí ẹni tó ti mọ ìdáhùn kò ní ohun tó máa wá mọ́. Nítorí náà, ẹ gbá a kí ẹnikẹ́ni tó sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.