Ojú Ta Ni Ó Wà Fún? Àgbéyẹ̀wò Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọnà ní Ilé-Ifẹ̀

Ìfáárà

Inú ọjà ni ọ̀rọ̀ náà 'ìpàtẹ' ti wá. Ẹni tí ó bá pàtẹ ọjà mọ irú àwọn ènìyàn tí yóò gba iwájú àtẹ rẹ̀ kọjá. Ó mọ èdè tí yóò fi pè wọ́n, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá wọn lóhùn bí wọ́n bá ní ọjà náà wọ́n tàbí pé kò dára tó. Nígbà tí àwọn Yorùbá wá ya ọ̀rọ̀ yìí lò fún ìṣàfihàn àwòrán àti ère, ìbéèrè ọjà tẹ̀ lé e wọlé: ojú ta ni wọ́n pàtẹ fún?

Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò. Ilé-Ifẹ̀ ni ó mú lò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú ọnà ni Ifẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó sì ti di ìlú yunifásítì láti ọdún 1967, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1962, kó wá sí orí ilẹ̀ rẹ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é láti 1987. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí dìmú ni pé àìsí iṣẹ́ ọnà kọ́ ni ìṣòro irú ìlú bẹ́ẹ̀, àìsí gbàgede ìpàtẹ náà sì kọ́. Ọ̀rọ̀ ni ó sọnù. Èdè tí ará ìlú fi ń wo ọnà, tí wọ́n fi ń yìn ín, tí wọ́n sì fi ń bù ú, kì í sábà bá iṣẹ́ náà wọ inú gbàgede.

Ojú Ọnà Ṣáájú Yunifásítì

Kí ògiri yunifásítì tó dúró ní Ifẹ̀, ògiri mìíràn ti wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń wò. Ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ni. Àwọn obìnrin ni ó ń kun ògiri náà, wọn a sì máa tún un kùn fún ọdún òrìṣà. Láti inú erùpẹ̀ àti àwọn ohun àyíká ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà wọn. Ní ojú òde òní, ìpàtẹ ni èyí: ó ní àkókò, ó ní oníṣẹ́ ọnà, ó ní awòran, ó sì ní ìdí tí ó fi wà. Ohun tí ó fi yàtọ̀ ni pé iṣẹ́ èṣí kì í dúró. Iṣẹ́ tuntun ni yóò bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, iyì iṣẹ́ náà kò sí nínú pípẹ́ lórí ògiri. Ó wà nínú ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, àti nínú ojú tí ó rántí ti èṣí, tí ó sì lè fi í díwọ̀n ti ọdún yìí. Ẹni tí ó bá rí méjèèjì, tí ó sì lè sọ èyí tí ó gún régé, ti di alámèyítọ́, ì báà mọ̀wé, ì báà má mọ̀wé.

Ní 1954, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní àgbègbè ààfin Ọọ̀ni, fún ìtọ́jú irú ohun àtijọ́ bí àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí pé ohun tí kò bá sí níbi ìpamọ́ a máa bá ọwọ́ olè lọ. Síbẹ̀, ọ̀nà ìwòran tuntun ni ó bá a wọlé. Ohun tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì kò ṣeé tún kùn, kò sì ṣeé bá ti èṣí wé. Àkọlé ni ó ń sọ̀rọ̀ fún un, ẹni tí kò bá sì gbọ́ èdè àkọlé náà yóò wò ó, yóò sì kọjá.

Nígbà tí Gbàgede Lọ sí Ìgboro

Ìgbìyànjú méjì ni ó tọ́ka sí ọ̀nà mìíràn. Èkíní ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo, ìlú tí kò jìnnà sí Ifẹ̀. Níbẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier ti dá gbàgede kan sílẹ̀ ní 1962. Orúkọ ẹgbẹ́ Mbari tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961 ni wọ́n fẹ́ fún un, èdè Ìgbò sì ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá ni àwọn ará Òṣogbo fi gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Ọ̀rọ̀ àlejò di gbólóhùn onílé. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ìpàtẹ jẹ́ lójú ará ìlú: wíwò ni ó ṣáájú, ayọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ ni Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami, Rufus Ogundele, Twins Seven Seven àti àwọn mìíràn ti di ìlúmọ̀ọ́ká, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe yunifásítì ni ó kọ́ wọn níṣẹ́.

Èkejì ni Orí Olókun, tí Ẹ̀ka Ìmọ̀ nípa Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1968, nígbà tí Michael Crowder jẹ́ olùdarí rẹ̀. Ibi tí wọ́n fi í sí ni ó ṣe pàtàkì jù. Wọn kò fi í sí inú ọgbà yunifásítì. Àdúgbò Àrùbídì, ní àárín ìgboro, ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti ṣe eré onítàn rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ, The Gods Are Not to Blame, ní ọdún 1968 kan náà. Solomon Wangboje sì wà lára àwọn tí ó darí iṣẹ́ ọnà yíyà àti títẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó ń ti oko bọ̀ lè yà wò ó láìṣẹ̀ṣẹ̀ gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì.

Kò yẹ kí ìyìn yìí bo àléébù mọ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń ra iṣẹ́ Òṣogbo nígbà náà jẹ́ òyìnbó àlejò. Bí ó ti jẹ́ pé ará ìlú ni ó sọ gbàgede lórúkọ, àlejò ni ó ń gbé àwòrán lọ sílé. Wíwò nìkan kò tó láti fìdí ọnà múlẹ̀ nílùú. Ó tún kù kí ará ìlú ní in, kí wọ́n sì lè sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ẹgbẹ́ Ọnà àti Ọ̀rọ̀ Tí Kò Padà Sílé

Ní 1989, Móyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Fílànì, Tọ́lá Wẹ̀wẹ̀, Bọ́lájí Campbell àti Túndé Nàsírù dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n fi sọ ara wọn lórúkọ, wọ́n sì kọ̀ láti fi ojú òyìnbó nìkan wo iṣẹ́ tiwọn. Òkédìjí àti Campbell ṣe ìwádìí lórí àwọn obìnrin tí ó ń kun ògiri ojúbọ. Erùpẹ̀ ilẹ̀ wa sì di ọ̀dà lọ́wọ́ Òkédìjí. Ìwé tí Campbell tẹ̀ jáde ní 2008 lórí àwòrán ojúbọ Yorùbá jẹ́ èso irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Àṣeyọrí gidi ni èyí, nítorí pé ó fi hàn pé ẹni tí ó kàwé lè jókòó kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá tí kò kàwé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ nípa iṣẹ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìmọ̀ jáde láti ara ògiri, ó wọ inú ìwé, ó sì dé òkè òkun, ṣùgbọ́n kò padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ògiri. Àwọn kan lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa ọnà Ifẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Àkọlé kan lè gba èdè méjì. Ohun tí ó burú ni kí àlejò lóye ohun tí ó wà nílé, kí ọmọ onílé máa bi àlejò léèrè.

Èdè Lámèyítọ́ Wà Nílẹ̀

Àwíjàre tí ó wọ́pọ̀ ni pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún irú iṣẹ́ yìí. Ìwádìí ti já àwíjàre náà. Ní àwọn ọdún 1960, Robert Farris Thompson lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó gbé ère síwájú àwọn ènìyàn, ó sì ní kí wọ́n sọ èyí tí ó dára àti ìdí rẹ̀. Ìdáhùn wọn ni ó fi mọ irú ọ̀rọ̀ bí jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún, ọ̀dọ́ àti títutù. Rowland Abíọ́dún àti Babátúndé Láwal, tí àwọn méjèèjì ti kọ́ni ní Ifẹ̀ rí, tẹ̀ síwájú láti ṣàlàyé ojú inú, ojú ọnà, ìfarabalẹ̀ àti ìtumọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà 'àwòrán'.

Kí wọ́n gbé àwọn ọ̀rọ̀ yìí síwájú orí idẹ Ifẹ̀ kan. Jíjọra wà níbẹ̀, nítorí pé ènìyàn ni ẹni tí ó bá rí i rò. Síbẹ̀, jíjọra náà mọ níwọ̀n, kò ṣe àfihàn àìsàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ẹnì kan. Ìfarahàn wà níbẹ̀: ètè, ìpéǹpéjú àti etí yàtọ̀ síra kedere. Ọrùn gún, ara dán, ojú sì tutù. Kì í ṣe ojú ọmọdé, kì í sì ṣe ojú arúgbó. Ọ̀dọ́ tí agbára rẹ̀ pé ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún méjìlá lè sọ gbogbo èyí, bí olùkọ́ rẹ̀ bá fi ọ̀nà hàn án. Nígbà náà ni yóò lè sọ èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára láìgbára lé ohun tí ẹlòmíràn kọ.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbàwé ẹ̀rí NCE lónìí ni yóò kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà lọ́la. Bí òun náà kò bá rí ju àwòrán inú ìwé lọ, ìròyìn ni yóò máa kọ́ni, ìròyìn kò sì tó àfojúbà. Ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá àti olùkọ́ iṣẹ́ ọnà jọ mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi ìpàtẹ tí ó bá wà ní ìlú wọn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àkọlé Yorùbá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kà á sí etí alágbẹ̀dẹ, agbẹ́gilére tàbí aláró, kí wọ́n sì tún un kọ bí wọ́n bá rí àtúnṣe gbà. Bákan náà, ó yẹ kí orúkọ àwọn obìnrin tí ó ń kun ògiri hàn níbi tí orúkọ oníṣẹ́ ọnà yòókù bá ti hàn. Irú iṣẹ́ yìí kò béèrè owó gọbọi. Pákó, ìwé àti sùúrù ni ó béèrè.

Ìgúnlẹ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ojú kò wọ́n ọnà Ifẹ̀ rí, láti ògiri Òrìṣà Ìkirè dé Orí Olókun àti ẹgbẹ́ Ọnà. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ni ìpàtẹ tí ó fi èdè ará ìlú bá ará ìlú sọ̀rọ̀, tí ó sì dúró gbọ́ èsì. Àwọn ará Òṣogbo ní bí àwọn bá rí i, inú àwọn yóò dùn. Iṣẹ́ tí ó kù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ni láti rí i pé nígbà tí wọ́n bá rí i, wọn yóò rí ọ̀rọ̀ sọ.