Balógun tí Kò Fẹ́ Ogun: Ìpinnu Ìbíkúnlé nínú Eré Kurunmi ti Ọlá Rótìmí

Láti ìgbà tí a ti kọ́kọ́ ṣe eré Kurunmi ní Ifẹ̀ ní 1969, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971, akọni tó kọ̀ láti tẹrí ba ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ka Kúrunmí sí. Èrò tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Bí a bá ń wá ẹni tí ìpinnu ogun nira fún jù lọ nínú eré náà, Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, ni ó yẹ kí a wò.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kò fara sin. Ní 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà. Àṣà àtijọ́ ní kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú, ṣùgbọ́n Àtìbà ti là á sílẹ̀ pé kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba. Ìbàdàn fara mọ́ ọn; Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, tún sọ ti ìjà lórí ogún Abu, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ní Ìjánná. Nítorí náà, àṣà nìkan kọ́ ni wọ́n jà lé. Àṣẹ àti ọlá wà níbẹ̀.

Orí àṣà ni Rótìmí gbé ìwúwo eré rẹ̀ lé. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ni, ṣùgbọ́n èyí kò jẹ́ kí Kúrunmí ní ọkàn méjì nípa ogun. A lè jiyàn pé líla odò Ọ̀sẹ kọjá, èyí tó gba ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún, jẹ́ ìpinnu tó nira. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀ràn bí a ó ti jà ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀ràn bóyá ó yẹ kí a jà.

Ìbíkúnlé ni ìbéèrè kejì yìí dojú kọ. Bí Ògúnmọ́lá ti ń gbóná sí ogun ní ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni òun ń pẹ̀tù sí i. Àkọsílẹ̀ Johnson náà bá èyí mu. Síbẹ̀, nígbà tí ìlú yan ogun, òun náà ni Balógun tó ṣíwájú rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìbíkúnlé wà lọ́jà; ó rí i pé orí ń wọ́, ó sì sọ ọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu tó, bí ọwọ́ bá ṣe òdìkejì rẹ̀? Eré náà jẹ́ kí a gbọ́ àtakò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró pẹ́ tó lórí ìbéèrè yìí.

Ìtàn fi hàn bí ìbéèrè náà ti wúwo tó. Ìbàdàn dí ọ̀nà oúnjẹ, ebi sì wọ Ìjàyè bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹ̀gbá ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn òbí kan fa ọmọ wọn lé míṣọ́nnárì lọ́wọ́ kí ebi má baà pa wọ́n. Kúrunmí kú ní 1861. Ìjàyè tú ní 1862. Àwọn ọmọ tí ebi pa kò jókòó ní ìgbìmọ̀ kankan.

A kò fi èyí bu iṣẹ́ Rótìmí kù. Ohun tí a ń sọ ni pé, nígbà tí a bá ń kọ́ni ní eré yìí, kí a má ṣe béèrè ìdí tí Kúrunmí fi ṣubú nìkan. Kí a tún béèrè ìdí tí ẹni tó rí ewu ṣáájú kò fi dá a dúró.