Sinimá Better Days àti Ẹnu Tí Ìdánwò Pa Dé

Ní Agége, oríta kan wà tí ó jẹ́ pé orúkọ ilé sinimá ni a fi ń pè é títí di òní: Pen Cinema. Afárá ńlá tí ìjọba Èkó ṣí ní ọdún 2021 ti gba orí oríta náà kọjá, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò parẹ́. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà ni ó gbà pé ìranù lásán ni sinimá, pé kò sí ẹ̀kọ́ kan tí ọmọ ilé ìwé lè rí kọ́ níbẹ̀. Nípa ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń wò, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n sinimá kan wà tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní kíláàsì òkè bá mi yẹ̀ wò. Better Days ni wọ́n ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Derek Tsang, ọmọ Hong Kong, ni ó darí rẹ̀. Zhou Dongyu ni ó ṣe ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, Jackson Yee sì ṣe ọmọkùnrin ìta tí ó di alábàárò rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn sinimá tí ó dára jù lọ ní Hong Kong ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀bùn ni mo ṣe mú un wá síwájú yín.

Chen Nian ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ọjọ́ ìdánwò tí yóò gbé e wọ yunifásítì sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta ohun ìpara ojú tí kò dára, àwọn tí ó jẹ lówó ń wá a kiri, nítorí náà kì í sábà gbé ilé. Ní ọjọ́ kan, ọmọ ilé ìwé wọn kan, Hu Xiaodie, bẹ́ sílẹ̀ láti òkè ilé ìwé, ó sì kú. Àwọn ọmọ yòókù péjọ, wọ́n na fóònù wọn sókè, wọ́n ń ya àwòrán òkú ẹlẹgbẹ́ wọn. Chen Nian nìkan ni ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, tí ó fi bo ọmọ náà. Ẹ̀wù kan péré! Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta, tí Wei Lai jẹ́ aṣíwájú wọn, ti yíjú sí i.

Kí Hu Xiaodie tó kú, ó ti bi Chen Nian pé kí ni ó dé tí kò fi ṣe ohun kan nígbà tí ó ń rí i tí wọ́n ń fìyà jẹ òun. Nígbà tí ọlọ́pàá sì bi Chen Nian ní ohun tí ó mọ̀ nípa ikú náà, ó ní òun kò mọ nǹkan kan. Irọ́ ni ó pa, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò ń bọ̀. Níbí ni mo ti rí ọgbọ́n sinimá yìí. Kò sọ pé ìdánwò ni ó ń sọ ọmọ di ìkà. Ohun tí ó fi hàn wá ni pé ìdánwò ń fún ẹni gbogbo ní àwáwí láti di ojú rẹ̀: olùkọ́ kò fẹ́ ariwo kí ọkàn àwọn ọmọ má baà kúrò lórí ìwé, òbí ní kí ọmọ òun fara dà á fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó kù, ọmọ náà sì pa ẹnu ara rẹ̀ dé. Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Chen Nian kò sọ, kò sì pẹ́ kí òru náà tó dé bá òun gan-an.

Ọmọ wa kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ni èyí. Ọdún 1952 ni àwọn ará Ṣáínà dá ìdánwò ńlá wọn tí à ń pè ní gaokao sílẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní ọdún 1966, wọ́n sì tún gbé e dìde ní ọdún 1977. Ní ọdún tí sinimá yìí jáde, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún un lé ní mílíọ̀nù 10. Ọdún 1952 kan náà ni a dá WAEC sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, JAMB sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1978. Ní ọdún 2025, àṣìṣe wọ inú ètò kọ̀ǹpútà JAMB, ó sì ba èsì àwọn ọmọ jẹ́ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn tí ó kàn jẹ́ 379,997, a sì ní kí wọ́n wá tún ìdánwò náà ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, sunkún níwájú àwọn oníròyìn bí ó ti ń tọrọ àforíjì. Ẹkún àgbàlagbà kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ tí èsì jáde àti ọjọ́ tí a mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ó ṣẹ̀, òbí mélòó ni ó ti pe ọmọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ?

Ìdí mìíràn tún wà tí ìdánwò fi wúwo bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà ya ilẹ̀ Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ọmọ tí kò rí ọ̀nà yunifásítì lè rí ọ̀nà ilé iṣẹ́. Ó lè kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ lójú ọ̀nà Ọba Akran, tàbí kí ó máa ṣe táyà ní Dunlop, kí ó fi owó oṣù rẹ̀ kọ́lé sí Agége, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní aláìyege. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ náà kógbá wọlé, àwọn kan nínú ilé ńláńlá wọ̀nyí di ilé ìkẹ́rùsí, àwọn kan di ilé ìjọsìn. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà yòókù bá tì, tí gbogbo ọmọ sì ń já kọlu ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, a kò lè ṣe aláìrí ẹni tí wọn yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá tí ó ti jí ní òru láti gba búrẹ́dì Agége ní ilé ìyanbúrẹ́dì, tí ó ń kiri rẹ̀ kí ó lè san owó ìdánwò ọmọ rẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ọmọ náà ní ilé ìwé. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ náà.

Wei Lai, aṣíwájú àwọn ìkà, ni ó yẹ kí ẹ wò dáadáa. Ọmọ olówó ni, ó rẹwà, ó mọ bí a ti ń fi èdè dídùn tan àgbà jẹ. A rò pé kò ní ìyọnu kankan, àfi ìgbà tí ó sọ pé bàbá òun kò bá òun sọ̀rọ̀ fún odindi ọdún kan nítorí pé òun tún kíláàsì kà. Sinimá náà kò fi èyí dá a láre, èmi náà kò sì dá a láre. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí òbí tí ó bá ka ìwé yìí mọ irú ohun tí ìdákẹ́ bàbá lè bí.

Ní ilé ìwé tiwa, àwọ̀ tí ìwà yìí gbé wọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Àṣà tí a jogún láti ilé ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ọmọ kíláàsì òkè máa fi ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ni ó fara pa mọ́ sí abẹ́ ọ̀wọ̀ tí Yorùbá ń fún àgbà. Wọn a ní àwa náà jẹ ìyà náà nígbà tiwa. Bí ẹni tí ejò bù jẹ bá ń ra ejò fún ọmọ àbúrò rẹ̀, ṣé ìbáwí ni a ó pe ìyẹn? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, fídíò kan tàn káàkiri Nàìjíríà, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ìwé kan ní Àbújá ti ń gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí léraléra. Bí mo ti ń gbọ́ ìròyìn náà, àwọn ọmọ Ṣáínà tí wọ́n na fóònù sókè ni ó wá sí mi lọ́kàn. Ẹnì kan ni ó gbá a létí. Ẹlòmíràn ni ó di fóònù mú tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

Mo ní àríwísí sí sinimá náà. Èkíní ni Xiao Bei, ọmọ ìta tí Chen Nian sá tọ̀ lọ fún ààbò. Jackson Yee ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ìtàn náà fi oyin sí i jù. Ẹni tí ó bá mọ Agége ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ tí à ń pè ní Awáwá, ó sì mọ̀ pé ọmọ tí ó bá sá wọ abẹ́ irú ààbò bẹ́ẹ̀ kì í jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì ni ìparí rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ gbé sinimá náà jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2019, a sì dá a dúró nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ó jáde nígbẹ̀yìn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí ìparí rẹ̀ nípa òfin tí ìjọba ti ṣe lórí ọ̀ràn náà. Ó dà bí ìgbà tí akọ̀wé ìjọba bá lu òǹtẹ̀ mọ́ ìdí àròfọ̀. Nínú ìtàn náà fúnra rẹ̀, Chen Nian fi ẹjọ́ sùn, wọ́n lé àwọn ọmọ náà kúrò ní kíláàsì fún ìgbà díẹ̀, àwọn àgbà sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà gan-an ni wọ́n mú un ní òpópónà, tí wọ́n gé irun rẹ̀, tí wọ́n fa aṣọ rẹ̀ ya, tí wọ́n sì fi fóònù yà á. Ẹjọ́ tí àgbà gbọ́ ní àbọ̀ tún ewu dá sílẹ̀ fún ọmọ tí ó ro ó.

Ibi tí ó le jù wá kù. Wei Lai wá bẹ Chen Nian pé kí ó má padà lọ bá ọlọ́pàá. Ó bẹ̀ ẹ́ tìgàn-tìgàn, Chen Nian sì tì í, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó kú. Xiao Bei gba ẹ̀bi náà rù kí ọmọbìnrin náà lè ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó ṣe é, ó sì yege gidigidi. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín yóò sọ pé ìfẹ́ tí ó ga jù lọ ni ti Xiao Bei. Èmi kò gbà. Ó fẹ́ ra ọjọ́ iwájú fún Chen Nian, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé lé e lọ́wọ́ ni irọ́ tí yóò máa gbé sùn, tí yóò máa gbé jí. N kò sì fẹ́ràn ọgbọ́n tí ọlọ́pàá fi mú un jẹ́wọ́: ó purọ́ fún un pé wọ́n ti dá ikú fún Xiao Bei. Ẹ bá ara yín jiyàn lórí rẹ̀ ní kíláàsì, bóyá ó tọ́ kí àgbà fi irọ́ wá òtítọ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí irọ́ àwọn àgbà ti pa lára tó bẹ́ẹ̀.

Chen Nian jẹ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Nígbà tí a tún rí i, ó ti di olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń kọ́ kíláàsì rẹ̀, ó sì rí ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ kò dùn láàárín àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n jáde, ó bá ọmọ náà rìn lọ sílé.