Lápàdé àti Harry Hole: Ọlọ́pàá Tí Kò Sí Lẹ́nu Iṣẹ́ Mọ́

Nínú kíláàsì wa, bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìwé òyìnbó ló ń sọ. Jo Nesbø, ọmọ ilẹ̀ Norway tó ti gbá bọ́ọ̀lù tó sì ti kọrin kó tó di òǹkọ̀wé, ti bá orí fóònù dé Ajégúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ọdún 28 ṣáájú ìwé àkọ́kọ́ tí Nesbø kọ nípa Harry Hole.

Phantom, tí Nesbø kọ ní 2011, ni mo fẹ́ fi wé ìwé Òkédìjí, torí ipò kan náà ni akọni méjèèjì wà. Lápàdé ti kúrò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Harry náà ti kúrò. Hong Kong ló ti padà sí Oslo nítorí Oleg, ọmọ obìnrin tó fẹ́ràn, tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Ó ní kí wọ́n gba òun padà síṣẹ́, wọn ò gbà. Láìní àṣẹ kankan, ó tọ ipasẹ̀ àwọn tó ń ta oògùn olóró nílùú náà.

Níbi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni adùn wà. Nesbø máa ń fi ọ̀daràn pa mọ́ títí ìwé yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kọ́lá Akínlàdé náà fẹ́ràn irú èyí. Àkọlé ìwé rẹ̀, Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, ti sọ bẹ́ẹ̀. Ti Òkédìjí kọ́. Ìlépa ló fi ń mú wa. Ohun tó wù mí jù ni ẹnu Lápàdé. Bí òun àti Tàfá Ìgírípá bá ń sọ̀rọ̀, òwe àti àwàdà ni, ewu sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìbàdàn inú ìwé náà kún fún èèyàn. Ní ti Harry, òun nìkan ni, òun àti ọtí. (Ìyá mi gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu mi, wọ́n ní, “Ṣé kò ní ẹbí ni?”)

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mi ò lè fò. Kí nìdí tí a fi ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá láìjẹ́ ọlọ́pàá? Ní àdúgbò wa, bí wọ́n bá mú ẹni tí wọ́n fura sí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ẹnìkan ti lọ gbé táyà. Àwọn tó ń gbé táyà náà gbà pé àwọn ń ṣe ohun tí ọlọ́pàá kò ṣe ni. Lápàdé kì í ṣe irú wọn, torí ó ń wádìí kó tó gbé ọwọ́. Síbẹ̀, ẹ̀rín ni mo fi ka ọ̀pọ̀ ibi tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ẹ̀rín náà sì mú kó rọrùn jù. Ibí ni Nesbø ti ju Òkédìjí lọ lójú mi. Harry kì í rú òfin kó má san án: ìka rẹ̀ kan ti lọ nínú The Snowman, àwọn tó fẹ́ràn kì í sì í sinmi nítorí rẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, Lápàdé náà ni màá mú, torí mo mọ irú èèyàn tó ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń wá ni ìwé tí yóò mú un wá sí Àpápá, sáàárín àwọn tírélà tó tò dé orí afárá, kó máa bi dírẹ́bà, aláàárù àti ìyá tó ń ta búrẹ́dì léèrè ẹni tó ṣí kọ̀ǹténà lóru, kí òǹkọ̀wé náà sì jẹ́ kí ìdáhùn wọn dun Lápàdé.