Ta Ló Fà Á Lé Ọ̀gá Lọ́wọ́? Àyẹ̀wò Ètò Iṣẹ́ Ọnà fún Àwọn Ọmọ Ìgboro, láti Òṣogbo dé Bàrígà

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn lámèyítọ́ ti ń kọ̀wé lórí àwọn ayàwòrán Òṣogbo, ohun kan náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹnu mọ́: pé àwọn ọ̀dọ́ tí kò kọ́ iṣẹ́ ọnà rí, tí púpọ̀ wọn kò sì kàwé púpọ̀, wọ inú yàrá kan fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gba ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jáde ní ayàwòrán. Ìtàn náà dùn ún gbọ́. Ó jọ pé òun náà ló ṣì wà lọ́kàn àwọn tí ń dá ètò iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ fún ọmọ mẹ̀kúnnù ní àwọn ìlú ńlá lónìí, yálà wọ́n dárúkọ Òṣogbo tàbí wọn kò dárúkọ rẹ̀. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn náà kò pé, àti pé apá tí ó fò dá ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe ọmọ lóore. Apá náà kò ju ìbéèrè méjì lọ, èyí tí Yorùbá máa ń bèèrè nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ ẹnu iṣẹ́: ta ló fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́, ọjọ́ wo ni yóò sì gba òmìnira?

Bí ìkọ́ṣẹ́ ti rí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún un sọ, torí pé àwọn ìwé tó dá lórí iṣẹ́ ọnà òde òní kì í sábà mẹ́nu kàn án. Bàbá tàbí ìyá ni í mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, mẹkáníìkì, agbẹ́gilére tàbí aláró. Wọn a jọ fẹnu kò sí iye ọdún tí ọmọ yóò lò. Wọn a sọ owó tí òbí yóò san, tàbí iṣẹ́ tí ọmọ yóò fi dípò owó, wọn a sì wá onídùúró. Ọmọ a máa gbálẹ̀, a máa jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, a máa gba ìbáwí, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ó bá parí, òbí a tún padà wá. Wọn a gbàdúrà, ọ̀gá a fa irinṣẹ́ tàbí ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, wọn a jẹ, wọn a mu. Ayẹyẹ yìí ni àwọn ará ìgboro ń pè ní fíríìdọ̀ọ̀mù. Kò túmọ̀ sí pé ètò náà kò ní àbùkù. Ọ̀gá òǹrorò pọ̀, ọmọ mìíràn a sì lo ọdún méjì nídìí ọmọ pípọ̀n fún ìyàwó ọ̀gá kí ó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Síbẹ̀ ó ní ẹnu ọ̀nà méjì, ti ìwọlé àti ti ìjáde, òbí a sì máa dúró ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn ni ó yẹ kí a tún Òṣogbo wò. Ní 1961 ni àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1962, Dúró Ládípọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ta ọtí. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni pé olùwòran ló ń sọ pé bí òun bá rí i, inú òun yóò dùn. Orúkọ tí ará àdúgbò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ tún ṣe, ohun tí ó sún mọ́ ọn ni. Denis Williams, ayàwòrán láti Guyana, darí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé ti jáde. Georgina Betts, tí ó di aya Beier lẹ́yìn náà, ló darí ti oṣù kẹjọ ọdún 1964, tí ó mú Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì, Jímọ̀h Bùráímọ̀h àti Adébísí Fábùnmi wá sójú táyé.

Àkókò náà ṣe kókó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti oṣù kìíní ọdún 1955. Láàrin ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1960, àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ìwé mẹ́fà ti pọ̀ ju iṣẹ́ akọ̀wé tó wà nílẹ̀ lọ. Oko kò wù wọ́n, ọ́fíìsì kò sì gbà wọ́n. Ìgboro ni wọ́n ń rìn kiri. Nítorí náà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Mbárí Mbáyọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé ọwọ́ òfo ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí gbé wá? Bùráímọ̀h ló ń tọ́jú iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀. Oyèlámì àti Ògúndélé ti ń ṣeré nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ijó ni Twins Seven-Seven ń jó fún oníṣòwò oògùn kan tí ń káàkiri ìlú kí ó tó dé Òṣogbo. Bí a bá yà sọ́dọ̀ àwọn àgbà tó wà ní àyíká wọn, alágbẹ̀dẹ ni Aṣírù Ọlátúndé kí ó tó máa lu àwòrán sára páànù, bíríkìlà sì ni Adébísí Àkànjí kí ó tó di ọ̀kan nínú àwọn tó bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ ní igbó Ọ̀ṣun. Kò sí ẹni tí kò ti ní ohun kan lọ́wọ́ nínú wọn.

Ẹgbẹ́ òṣèré náà gan-an sì ni ilé ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn lámèyítọ́ kò rí. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ alárìnká nígbà náà wọ abẹ́ ọ̀gá nìyẹn. Ìlù, orin, ijó, ọkọ̀ títì lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló máa ń kọ́ pọ̀. Ọba Kò So, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1963, kò ṣeé ṣe láìsí irú ìbáwí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń yin ọjọ́ díẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ fi kun ọ̀dà ní 1964 láìwo ìyẹn dà bí ẹni tó dé oko lọ́jọ́ ìkórè tí kò béèrè ẹni tó kọ ebè. Beier, nínú ìwé rẹ̀ Contemporary Art in Africa tó jáde ní 1968, gbé àwọn oníṣẹ́ ọnà tí kò gba ilé ẹ̀kọ́ gíga kọjá lárugẹ. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní yunifásítì sì ń béèrè irú iṣẹ́ ọnà tí kò ní ẹ̀kọ́ nídìí. Ìhà méjèèjì gbà pé ẹni tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kò kọ́ ohunkóhun. Ohun tí wọ́n fi ń jà kò tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe àìkẹ́kọ̀ọ́.

Níbi tí Òṣogbo ti kùnà ni ẹnu ọ̀nà ìjáde. Àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra iṣẹ́ náà, àwọn náà ló sì mọ ọ̀nà ilé ìpàtẹ tó wà lókè òkun. Nígbà tí Beier àti aya rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà ní 1966, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni fi pe ẹbí àwọn ọ̀dọ́ náà jọ láti sọ pé ọmọ yín ti di ọ̀gá. Olúkúlùkù ló wá òmìnira tirẹ̀. Bùráímọ̀h rí i nínú ìlẹ̀kẹ̀, ohun tí a mọ̀ mọ adé ọba, tí ó ń tò sára pátákó bí ẹni ń kun ọ̀dà. Ogójì ọdún ó lé kan lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, ní 2005, ni UNESCO fi Twins Seven-Seven jẹ Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà.

Ohun mìíràn wà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Gbogbo orúkọ tó gbajúmọ̀ láti inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 1964, ti ọkùnrin ni. Ọ̀nà ilé ni obìnrin gbà wọlé. Nike Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní 1951, kọ́ iṣẹ́ aṣọ lọ́wọ́ ìyá-ńlá rẹ̀ kí ó tó di ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Twins Seven-Seven. Nínú agbo ilé ọkọ ló ti ń ṣe àdìrẹ àti bátíkì pẹ̀lú àwọn orogún rẹ̀. Ní 1983 ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó láìgba kọ́bọ̀. Bí a bá fi ìdánwò ẹnu ọ̀nà méjì wò ó, ibí yìí sún mọ́ ìkọ́ṣẹ́ gidi ju Mbárí Mbáyọ̀ lọ, nítorí ẹni tó ń kọ́ni ti jẹ ìyà àìní rí, ó sì mọ̀ pé ọmọbìnrin tí kò bá rí nǹkan tà láàrin oṣù díẹ̀, ilé ọkọ tí kò yàn ni wọn yóò fi í sí. Ìbéèrè tó kù ni ti ọjà. Ọ̀gá tó ń kọ́ni ló tún ní ilé ìpàtẹ. Ti Lẹ́kkí nìyẹn, tí ó ti wà láti 2009. Ilé ìpàtẹ ńlá lè gbé ọmọ iṣẹ́ ga, ó sì lè mú kí ó pẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tó yọ lábẹ́ ti ọ̀gá. Ìṣòro ìkọ́ṣẹ́ àtijọ́ náà ni.

Ní Èkó, irú ọ̀dọ́ tó ń rìn kiri ní Òṣogbo nígbà náà ṣì wà, àdúgbò wọn nìkan ló fún jù. Bàrígà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ìwé ìròyìn kì í dárúkọ àyàfi tí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Níbẹ̀ ni Ṣẹ́gun Adéfilà dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní 1996, tí Ṣeun Awóbàjọ́ sì dá Footprints of David sílẹ̀ ní 2005 láti kọ́ àwọn ọmọdé ní ijó, ìlù àti eré. Ní Ìkòròdú, Ṣeyí Olúyọ̀lé bẹ̀rẹ̀ Dream Catchers ní 2014. Àwọn ọmọ kan ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó lè jó. Ní 2018 fídíò ijó wọn tàn ká ayé. Ẹni tó bá ka àwọn ètò wọ̀nyí sí àṣà tuntun tí a kó wá láti òkè òkun kò tíì wò wọ́n dáadáa. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí ọ̀gá ń bọ́, tí ọ̀gá sì ń fi òfin dè, ọmọ ẹnu iṣẹ́ ni, bí ijó tilẹ̀ ni iṣẹ́ náà.

Irú ètò kejì ni ó yẹ kí a kọminú sí, ètò ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí ẹgbẹ́ aláàánú ń gbé wọ àdúgbò pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí a tẹ orúkọ sí. Ọmọ a ti ọwọ́ bọ ọ̀dà, wọn a yà á ní fọ́tò, fọ́tò a lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fowó sílẹ̀. Orúkọ ọmọ kì í sábà sí lára àwòrán tí ó yà. Orí fóònù aládùúgbò ni ìyá rẹ̀ yóò ti rí i. Òwe tí irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn jù ni pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Wọ́n a di igba ènìyàn mú ṣinṣin, wọn a gbàgbé ẹnìkan. Bẹ́ẹ̀ òwe náà kò sọ pé kí igba ènìyàn gba ipò ẹni tó bímọ. Òun ni òwe fi ṣíwájú. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà láti ìdájí lè má ráyè wá sí ìpàdé òbí ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Èyí kò sọ pé kò bìkítà, ètò ló yan àkókò tí kò mọ̀ ọ́n lára. Àǹfààní tí àwọn ẹgbẹ́ tó fìdí sí àdúgbò ní nìyí: òbí wà nítòsí, ó lè wá bínú, ó lè wá dúpẹ́, ó sì lè wá mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tó kù sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí kò le láti sọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Bàrígà ní 2005 ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n báyìí. Àwọn tó ti kọ̀wé lórí ètò wọ̀nyí ti fọ̀rọ̀ wá àwọn olùdásílẹ̀ lẹ́nu wò léraléra. Ó kù kí wọ́n lọ bi ọmọ náà àti ìyá rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí olúkúlùkù rántí nípa ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde.