Jìtá Kan, Omele Mélòó?

Bí Lionel Loueke, onijìtá ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bá dá jókòó lórí ìtàgé, ohun tí etí ń gbọ́ máa ń pọ̀ ju ohun tí ojú ń rí lọ. Ọkùnrin kan, jìtá kan, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ mélòó kan nílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Á ta ìlà orin kúkúrú kan, á fẹsẹ̀ tẹ looper, ẹ̀rọ náà á gba ìlà yẹn, á sì máa tún un sọ láìsinmi. Á gbé òmíràn lé e. Ẹ̀rọ mìíràn á fa ohùn jìtá wálẹ̀ títí yóò fi dún bíi báàsì. Bébà tó há sáàárín okùn á sọ ọ́ di ohun tó jọ agídìgbo. Ẹnu náà ò gbẹ́yìn, ó ń fi ahọ́n ta bí ẹni ń lùlù.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ló ń bá a ṣe é. Àríyànjiyàn yẹn ò lọ jìnnà. Ní 1973, Robert Fripp àti Brian Eno ti fi ẹ̀rọ téèpù méjì ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú àwo (No Pussyfooting), àtúnlù fúnra rẹ̀ sì dàgbà ju téèpù lọ. Agbo ìlù gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú dùndún tí àwọn ọmọ Àyàn ń lù káàkiri Òkè-Ògùn, gúdúgúdú, tó jẹ́ ọ̀kan lára omele, kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìró kan náà ló sábà máa ń lù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyáàlù ló ń fọhùn lé e lórí. Iṣẹ́ omele ni Loueke gbé fún looper, ó wá fi ti ìyáàlù sílẹ̀ fún ìka ara rẹ̀.

Àmọ́ omele ní etí. Ibẹ̀ ni tèmi wà.

Ẹ wo ohun tí iná mànàmáná ṣe fún jùjú. Nígbà ayé Tunde King ní Èkó, ní àwọn ọdún 1930, èèyàn díẹ̀ ló tó ṣe é. Ní 1949, Ayinde Bakare so jìtá mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Láti ìgbà náà, ìlù ò lè bo jìtá mọ́lẹ̀ mọ́, àyè sì gba onílù púpọ̀ sí i, ó gba gángan, ó tún gba jìtá kejì àti ìkẹta. Nígbà tí King Sunny Ade gbé Juju Music jáde ní 1982, àwọn onijìtá rẹ̀ ti pọ̀ débi pé kálukú di ìlà kékeré tirẹ̀ mú, ìkan ń bọ́ sí àyè tí ìkejì fi sílẹ̀, Demola Adepoju sì ń fa ohùn pedal steel gba àárín wọn kọjá. Àtúnlù ni gbogbo rẹ̀. Iná tó kó èèyàn jọ sínú ẹgbẹ́ ni looper wá ń lò báyìí láti dá wọn padà sílé. (Kí a má parọ́, kíbọ́ọ̀dù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóde àríyá ṣáájú, ta ló sì fẹ́ bọ́ ogún èèyàn?)

Kí ló wá sọnù? Lóde ìgbéyàwó ní Ṣakí, bí ẹnì kan bá dìde pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ìyáàlù á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, àwọn tó ń tún ìlù lù á sì dúró síbi tí wọ́n wà. Bí ọwọ́ onítọ̀hún bá ṣe yá tó ni ibẹ̀ á ṣe gùn tó. Bí inú rẹ̀ bá dùn, omele á ki ẹsẹ̀ bọ ìlù díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Ní ti looper, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ni gígùn ìlà ti di pípinnu. Ó lè tún un sọ dòwúrọ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ pé ẹnì kan dìde.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ibi tí Loueke ti lágbára jù ni ibi tí kò ti to ohùn lé ara wọn. Kútọnu ni wọ́n bí i sí, ní 1973, ìlù ló kọ́kọ́ ń lù kó tó mú jìtá lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Kò sówó okùn: ó ń fi ọtí kíkan fọ èyí tó ti gbó, ó sì ti fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ dípò èyí tó já. Ẹni tó kọ́ láti fa ohùn púpọ̀ yọ lára ohun díẹ̀ báyìí ò dúró de ẹ̀rọ. Nínú HH, àwo 2020 tó fi jìtá nìkan yẹ orin Herbie Hancock wò, àtàǹpàkò ń tọ́jú ìsàlẹ̀, ìka yòókù ń dáhùn, ohùn ẹnu ń kọjá láàárín wọn. Omele àti ìyáàlù wà nínú ara kan, ìkan sì lè dúró de èkejì.

Ká ní ó gbé looper rẹ̀ wọ Ṣakí, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, tí onílù kan sì jókòó tì í. Orin náà á dùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò ní sáré torí onílù, kò sì ní rọra rìn torí rẹ̀. Onílù ni yóò máa wo ẹsẹ̀ onijìtá, ìyáàlù ni yóò sì máa tẹ̀ lé omele.